Èpè Ọba Bìní: Nígbà tí Ìgbàgbọ́ Dojú Kọ Ọ̀daràn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní pe àwọn ìjòyè rẹ̀, àwọn àwòrò òrìṣà àti àwọn oníṣègùn ìpínlẹ̀ Ẹdó jọ sí ààfin. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìwúyè. Ohun tí Kábíyèsí torí rẹ̀ pè wọ́n ni òwò kan tó ti ba orúkọ ìlú náà jẹ́ kárí ayé, ìyẹn kíkó àwọn ọmọbìnrin lọ sí òkè òkun láti lọ fi wọ́n ṣòwò nàbì. Níṣojú gbogbo wọn, Ọba gégùn-ún fún ẹnikẹ́ni tó bá tún ń ṣe òwò náà, ó gégùn-ún fún oníṣègùn tó bá tún ń mú àwọn ọmọ náà búra, ó sì tú gbogbo ìbúra tí wọ́n ti fipá mú wọn ṣe tẹ́lẹ̀ ká. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ tó ti búra ti bọ́. Gbèsè tí wọ́n fi dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Ọlọ́pàá kankan kò yìnbọn lọ́jọ́ náà, adájọ́ kankan kò sì ka ìwé ìdájọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe àsọdùn bí èèyàn bá sọ pé àwọn tó ń ṣe òwò yìí, láti Bìní títí dé Ítálì, fetí sí ọ̀rọ̀ Ọba ju bí wọ́n ṣe ń fetí sí òfin lọ. Àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè pàápàá gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ń ya àwọn kan nínú wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè kó ọ̀daràn láyà jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò náà ni yóò jẹ́ kéèyàn mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Ọba fi wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ojúbọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ kó lọ dé, ọmọ tálákà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á gba àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tún sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Wọ́n á di gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì wà lọ́wọ́ oníṣègùn bí ohun ìdógò. Ọmọ náà á wá búra pé òun yóò san gbogbo owó tí madam ná lórí òun, pé òun kò ní sá lọ, àti pé òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ọlọ́pàá. Bí òun bá sì yẹ̀ ẹ́, kí òun ya wèrè, tàbí kí ikú pa òun tàbí ìyá òun. Lẹ́yìn tó bá dé ọ̀hún tán ni bí gbèsè náà ṣe tó yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó lè jẹ́ 25,000 owó Yúróò, ó lè tó 50,000. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ mọ iye tí Yúróò kan jẹ́ ní náírà nígbà tí wọ́n ń dá májẹ̀mú náà.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ nígbà kan rí. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí èlé ni, ó mọ iye tí ìdílé rẹ̀ yá, ó mọ ilé tí òun ti wá, bí wọ́n bá sì san owó náà pé, yóò padà sílé bí ọmọlúàbí. Ọmọ tí wọ́n kó gba Agadez lọ sí Líbíà, tí wọ́n sì jù sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò, kò ní èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri lágbàáyé, IOM, kéde lọ́dún 2017 pé àwọn obìnrin Nàìjíríà tó gba orí òkun dé Ítálì jẹ́ 1,454 ní ọdún 2014, wọ́n sì ti di 11,009 nígbà tó fi máa di 2016. Àjọ náà fojú bù ú pé nǹkan bí 80 nínú 100 wọn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òwò nàbì ni wọ́n ń kó wọn lọ fún.

Òfin kò ṣàìsí ní Ítálì. Láti ọdún 1998 ni òfin ilẹ̀ náà ti fàyè gba ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣòwò pé kí ó gba ìwé ìgbélùú, kí ìjọba sì dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá lè jókòó ti ọmọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní lanu. Kì í ṣe pé kò fẹ́ òmìnira. Irun rẹ̀ ló wà ní ojúbọ. Àwọn agbófinró ibẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun sí i, nítorí pé àgádágodo tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà kò sí ní Ítálì rárá. Bìní ló wà.

Ní ọdún 2018 kan náà, ilé ẹjọ́ kan ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nítorí àwọn obìnrin Nàìjíríà tó kó lọ sí Jámánì. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì sọ ọ́ di ọdún 18 lẹ́yìn náà. Ní ilé ẹjọ́ ni ayé ti gbọ́ pé wọ́n fi ọkàn adìẹ bọ́ àwọn obìnrin náà, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mu kí wọ́n tó gbéra. Gbèsè ẹlòmíràn nínú wọn tó 38,000 Yúróò. Ìgboyà tí wọ́n fi jẹ́rìí ta ko obìnrin náà kọjá ohun tí ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ ìbúra lè mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Ọba Ewuare sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ó ti ṣe aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní Ítálì kí ó tó gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún òun. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀gá àwọn àwòrò náà ni. Lójú àwọn ọmọ Bìní, kò sí ojúbọ tó ga ju ààfin lọ, kò sì sí ìbúra tí oníṣègùn kan dì tí Ọba kò lè tú. Bí mínísítà bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ì bá kàn yí i sí ìkànnì mìíràn ni. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé àwọn kan ti kọ̀ láti san owó mọ́. Àwọn òbí ń tẹ̀ wọ́n láago láti ilé, wọ́n ń sọ fún wọn pé Ọba ti tú wọn sílẹ̀.

Òwò náà kò kú ṣá. Àwọn tó ń bá a jà sọ pé ṣe ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ lọ búra ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọba Bìní kò tó wọn. Ìyẹn gan-an fi hàn pé ẹ̀rù bà wọ́n, nítorí ẹni tí kò gba èpè gbọ́ kò ní sá fún un kúrò nílùú. Ó sì fi hàn pé ìgbàgbọ́ ní ààlà tí òfin kò ní. Láti ọdún 2003 ni òfin tó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ti wà, agbára àjọ náà sì tó gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó náà fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn èpè ààfin. Ohun tó dáa nípa ọ̀rọ̀ Bìní nìyẹn. Ọba kò sọ pé kí ọlọ́pàá lọ sùn, ìjọba kò sì bú Ọba pé ó ń ṣe ohun ayé àtijọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà ní Bìní tó yẹ kí ó jẹ ọmọ Yorùbá lógún, òrìṣà Ayélála ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ayélála ti ṣẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé ẹrúbìnrin kan ni, tí wọ́n fi rúbọ láti parí ìjà tó wà láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀, àti pé igbe tó ké nígbà tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Omosade Awolalu kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí ẹ̀sìn Yorùbá ní ọdún 1979. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ló wá di ẹni tí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ń ké pè. Ní Bìní, bí olè bá jí nǹkan èèyàn, ẹni tó ni nǹkan lè kéde ní àdúgbò pé òun ń lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó Ayélála létí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé kì í pẹ́ tí nǹkan náà fi máa ń padà bọ̀ lóru, tí wọ́n á kàn bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ló dé tí olè fi ń bẹ̀rù Ayélála tí kò sì bẹ̀rù májísíréètì? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Olè mọ̀ pé wọ́n lè sún ẹjọ́ síwájú fún ọdún mẹ́wàá, pé fáìlì lè sọ nù, pé ẹni tó mú òun lè gba ẹ̀yìn gba nǹkan. Ó gbà pé òrìṣà kì í gba owó ẹ̀yìn, kì í sì í gba ìsinmi. Bó ṣe dájú pé ìyà yóò jẹ òun, tí kò sì ní pẹ́, ni ohun tó ń dẹ́rù bà á, kì í ṣe bí ìyà náà ṣe tó. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn bẹ̀rù ilé ẹjọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ojúbọ mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ewu ń bẹ ńbẹ̀ náà o. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pe Ayélála, àwọn ará àdúgbò ti rí olè nìyẹn, kódà bó jẹ́ ibà lásán ló ń ṣe é. Opó tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ ló sábà máa ń jìyà irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ní abala 207, fi ka fífún èèyàn ní májèlé mu àti irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi sí ìwà tí kò bófin mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgbàgbọ́ gbógun ti ọ̀daràn kò gbọdọ̀ gbàgbé abala yẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn yóò rẹ̀ kó tó ka àwọn pápá ìpàgọ́ àdúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tán, mọ́ṣáláṣí wà ní gbogbo àdúgbò, ilé babaláwo kò sì jìnnà. Síbẹ̀, ìlú Ìbàdàn kan náà ni igbó Ṣọ́ka wà, níbi tí wọ́n ti rí egungun èèyàn àti àwọn tó ti rù kan egungun tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2014. Abẹ́òkúta, ìlú tí kò ṣàìní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ni wọ́n ti mú àwọn ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 sí 20 ọdún lọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, pé wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti fi ṣe ògùn owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé Facebook ni òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá ní kí ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀rọ̀ fífi èèyàn ṣògùn ní pàjáwìrì.

Ìgbàgbọ́ ló kúkú gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ síbẹ̀. Wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè di owó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó já a fún wọn pé irọ́ ni kò sọ nǹkan kan. Fíìmù ń fi hàn wọ́n pé ó ń ṣiṣẹ́, pé ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òkú yóò wá da olówó láàmú níkẹyìn. Pásítọ̀ kan ń wàásù ta ko ògùn owó, ṣùgbọ́n ìwàásù náà ń fi yé àwọn ọmọ pé ògùn owó wà lóòótọ́. Àwọn babaláwo tó mọṣẹ́ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Ifá kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti pa èèyàn ṣowó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń polówó ògùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń pariwo jù wọ́n lọ.

Lókè, láàárín àwọn olóṣèlú, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, ọlọ́pàá ya wọ ojúbọ Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, wọ́n sì bá òkú àti agbárí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Gómìnà tó wà lórí oyè ní ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn tó gbé òun dépò ti mú òun lọ síbẹ̀ rí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà ló ń na Bíbélì tàbí Àlùkùráánì sókè níwájú adájọ́ ní ọjọ́ ìbúra, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ìlú pé kí Ọlọ́run ran àwọn lọ́wọ́. Ìbúra tí wọ́n ṣe fún aráàlú, wọ́n mọ̀ pé kò ní jà. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn nípa bí wọn yóò ṣe pín owó aráàlú ni wọ́n ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n rò pé ó ń jà.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n fi irin Ògún búra fún gbogbo olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí kóòtù ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti máa ń fi irin búra kó tó jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn tó wù ú, èèyàn kò sì lè fi tipátipá gbé Ògún lé Mùsùlùmí tàbí Kristẹni lórí. Bó bá tiẹ̀ ṣeé ṣe, òwò Bìní ti fi hàn pé ohun tí ẹni tó ń búra gbà gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni agbára ìbúra wà. Olóṣèlú tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run tó ń pè lójoojúmọ́ yóò rí babaláwo tí yóò sọ fún un bí wọ́n ṣe ń fi ẹbọ yọwọ́ Ògún.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹ̀sìn fúnra wọn. Gbogbo Kristẹni ló mọ ìtàn Sákéù agbowó-òde nínú ìwé Lúùkù orí 19. Kò fi àdúrà nìkan ronú pìwà dà, ó ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ìjọ bíi Apostolic Faith àti Deeper Life fi dídá ohun tí èèyàn jí padà sínú ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Àwọn àfáà náà ń kọ́ni pé túúbá ẹni tó gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kò pé títí yóò fi dá ẹ̀tọ́ náà padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀kọ́ yìí ló yẹ kí ó máa dún lórí àga ìwàásù ju ti ìbùkún lọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Èkó jí owó tó lé ní 30 mílíọ̀nù náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wọ àpótí ọrẹ, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn bi ara wọn ni pé ṣé kò sí ẹni tó bi akọ̀wé kékeré yìí léèrè ibi tó ti ń rí owó. Títí di òní, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún ọmọ ọdún 22 tó fi ọkọ̀ olówó ńlá wọlé.

Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Brazil, agbẹjọ́rò kan, Mário Ottoboni, àti àwọn Kátólíìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú São José dos Campos ní ọdún 1972. Ohun tó jáde látinú iṣẹ́ wọn ni àwọn ilé ẹ̀wọ̀n APAC, níbi tí kò ti sí wọ́dà tó ń gbé ìbọn, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àdúrà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà, ìdílé ẹlẹ́wọ̀n sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 ti yí orúkọ ilé ẹ̀wọ̀n padà sí ọgbà àtúnṣe, àwọn ẹlẹ́sìn sì ń gbé ìrẹsì lọ síbẹ̀ ní Kérésìmesì àti ní àsìkò ààwẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n ń jáde, tí kò ní owó ọkọ̀, tí ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ rí i, ni ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu géètì kì í sábà jẹ́ pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù. Àwọn tí wọ́n jọ ń jalè tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá náà ní ohun tí Ọba Bìní ní. Ààfin ni oyè àwọn àwòrò ti ń wá, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, wọ́n sì mọ orúkọ ara wọn dáadáa. Bí àwọn ọba Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ bá pe gbogbo àwọn tó ń ta ògùn ní àgbègbè wọn jọ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sọ fún wọn níṣojú àwọn ọ̀dọ́ pé irọ́ ni ògùn owó, kí wọ́n gégùn-ún fún ẹni tó bá gba ẹ̀yà ara èèyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ́ kí wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọmọ tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é yóò mọ̀ pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ṣí fún òun. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn lèmọ́mù àgbà lè jókòó síbẹ̀ láìsí pé wọ́n bọ òrìṣà kankan, kí wọ́n sọ tiwọn pẹ̀lú Bíbélì àti Àlùkùráánì lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò ní tó èyí tí ìjọba ń ná lórí ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta. Ìpàdé ọjọ́ kan péré ni wọ́n ṣe ní ààfin Bìní.